Etí ọmọ tó ń ṣọyún: Ibi tówó òbí ń gbà lọ

Bí ọmọ ọdún kan ààbọ̀ bá jí láago méjì òru, tó ń ké, tó ń fa etí rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ gbé ọyàn sí i lẹ́nu tó sì tú u sílẹ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ òbí lọ́kàn ni pé eyín ló ń hù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ara rẹ̀ á ti máa gbóná. Ní Abraham Adésànyà Estate, kété téèyàn bá kọjá Ajah tó kọrí sí Ẹ̀pẹ́, ibi tí ìyá ọmọ náà máa kọ́kọ́ yà sí láàárọ̀ kì í sábà jẹ́ ọsibítù. Ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ni, kó tó wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀rá dúdú á ti kún: oògùn ibà, oògùn ikọ́, oògùn ọ̀fìnkìn, oògùn apakòkòrò, àtèyí tí wọ́n ń kán sétí. Nínú gbogbo rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ méjì péré ni ọmọ náà nílò, ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ ẹyọ kan.

Owó táwọn òbí ń ná sórí etí ọmọ kò kéré. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ìgbà tí kò fi bẹ́ẹ̀ pọn dandan ni wọ́n ń ná an jù. Nígbà tó bá wá yẹ kí wọ́n náwó gan-an, ọmọ ò ké mọ́, ara rẹ̀ ò gbóná mọ́, kò sì sẹ́ni tó rántí kẹ́míìsì.

Ẹni tó bá mọ àdúgbò náà á mọ ìdí tí kẹ́míìsì fi ń ṣáájú dókítà. Orúkọ olóògbé Sẹ́nétọ̀ Abraham Adésànyà, agbẹjọ́rò ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tó ṣe olórí ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re, tó sì kú ní oṣù Kẹrin, ọdún 2008, ni wọ́n fi sọ ẹ́sítéètì yìí, orúkọ náà ló sì mọ́ ibùdókọ̀ àti oríta tó wà níwájú rẹ̀ lórí. Òṣìṣẹ́ báńkì, oníṣòwò, olùkọ́ àti awakọ̀ ló ń gbé àyíká ibẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island gbọ́dọ̀ ti jáde nílé kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa, kí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ má baà ká a mọ́. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kẹfà, ọdún 2022, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sì ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà, ẹni tí kò ní mọ́tò kò tún rí ọ̀nà àbùjá kankan gbà mọ́. Bí ìyá bá gbé ọmọ lọ sí ọsibítù ìjọba, ọjọ́ iṣẹ́ kan ti lọ nìyẹn. Ẹni tó ń tajà lọ́jà Ajah á ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ẹni tó ń gbowó oṣù á bẹ ọ̀gá rẹ̀. Ìṣirò tí ìyá ọmọ ń ṣe lọ́kàn kó tó yà sí kẹ́míìsì nìyẹn, ìṣirò náà kò sì burú. Ohun tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá fún un ni kò tọ̀nà.

Etí èèyàn pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ti ìta ni èyí tí à ń fojú rí, títí dé ibi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ìlù etí. Ẹ̀yìn ìlù yìí ni àárín etí wà, ihò kékeré kan tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, tó sì ní ọ̀nà tóóró kan tó já sí ẹ̀yìn imú, lókè ọ̀fun. (Apá kẹta, tó wà nínú lọ́hùn-ún, kò sí nínú ọ̀rọ̀ tòní.) Ọ̀nà tóóró yẹn ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọ àárín etí, òun náà sì ni omi ara tó bá wà níbẹ̀ ń gbà jáde. Ti àgbàlagbà gùn, ó sì dagun sísàlẹ̀. Ti ọmọdé kúrú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ọ̀fìnkìn bá ti mú ọmọ, ọ̀nà náà á wú, á dí, omi á dúró sẹ́yìn ìlù etí, kòkòrò àìfojúrí tó wà nímú á gba ibẹ̀ wọlé, omi náà á wá di ọyún. Ọyún yìí á máa ti ìlù etí láti inú, ìdí nìyẹn tí ìrora rẹ̀ fi ń le tó bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ọmọ bá dùbúlẹ̀ tàbí tó bá ń fa ọyàn. Àwọn ọmọ tó wà láàárín oṣù 6 sí ọdún 2 ló ń bá jà jù. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń kọ irú nǹkan báwọ̀nyí sílẹ̀ dáadáa, ọmọ 5 nínú 6 ni yóò ti ní in, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, kó tó pé ọdún 3.

Ẹni tó bá ti kà á débí yìí á ti rí i pé omi ìwẹ̀ kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ló máa ń dá ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ́bi pé òun ló da omi sọ́mọ létí, bẹ́ẹ̀ bí ìlù etí kò bá ti lu, omi ìta kò lè kọjá lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun kan náà ló jẹ́ kí àdí, omi ọyàn àti omi ewé tí wọ́n ń kán sétí jẹ́ òfo: wọn kò lè dé ibi tí àìsàn wà. Bí ìlù etí bá sì ti lu, ewu ni wọ́n jẹ́, nítorí wọ́n á kó ìdọ̀tí lọ síbi tí kò yẹ kó dé. Igi olówùú táwọn èèyàn fi ń gbọ́n etí náà kò yàtọ̀. Owó rẹ̀ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi gún ọmọ nílùú etí kò ní í pè é lówó kékeré mọ́.

Kí wá ni ọmọ tó ń ké lóru yẹn nílò? Oògùn ìrora ni àkọ́kọ́, ìyẹn paracetamol ti ọmọdé, tí wọ́n fi ìwọ̀n ọmọ díwọ̀n, kì í ṣe ṣíbí ìdáná. Aspirin kì í ṣe oògùn ọmọdé. Ìrora etí yìí máa ń rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ 2 sí 3 lára ọ̀pọ̀ ọmọ, yálà wọ́n lo oògùn apakòkòrò tàbí wọn ò lò ó. Oògùn ikọ́ àti ti ọ̀fìnkìn tí wọ́n kó mọ́ ọn kì í wo àárín etí. Owó wọn ni kí òbí kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ìṣirò. Àmọ́ ní ilẹ̀ wa tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, ibi tó bá ti jẹ́ pé ara ọmọ gbóná, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà kí wọ́n tó ra oògùn ibà. Ìyẹn owó tó tọ́ sí ná ni.

Paracetamol dà bí ohun tí kò nílò àlàyé, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti rà á ṣe pàtàkì, Èkó sì ti kọ́gbọ́n èyí pẹ̀lú omijé. Láti oṣù Kọkànlá, ọdún 2008, ni oògùn eyín ọmọdé kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí wọ́n fi paracetamol ṣe nílùú Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ọmọ. Ìwádìí fi hàn pé kẹ́míkà olóró kan ló dàpọ̀ mọ́ èròjà tí wọ́n lò. Ọmọ 84 ló kú. Lọ́dún 2022, irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ tún pa ọ̀pọ̀ ọmọ ní Gambia nínú oògùn ikọ́ tí wọ́n kó wá láti India. Nítorí náà, nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára páálí àti ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ìyá tó ń fa eyín ọmọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ etí ríro ló sábà máa ń ra irú oògùn àdàpọ̀ báwọ̀nyẹn.

Oògùn kejì, tó jẹ́ apakòkòrò, ni ọ̀rọ̀ owó pọ̀ sí jù. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣe fún àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé sọ pé ọmọ tí etí ń ro, tí òṣìṣẹ́ ìlera ti yẹ̀ wò, ni kí wọ́n fún ní amoxicillin fún ọjọ́ 5 pẹ̀lú paracetamol, kí wọ́n sì tún padà yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ karùn-ún. Ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, bí ọmọ bá ti lé ní ọdún 2, tí ìrora rẹ̀ kò sì le, dókítà lè ní kí wọ́n dúró fún ọjọ́ 2 sí 3 ná. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, èyí tí etí méjèèjì ń ro tí kò sì tíì pé ọdún 2, èyí tí ara rẹ̀ gbóná janjan, àtèyí tí etí rẹ̀ ń da ọyún, wọn kì í dúró fún un. Ohun tí ìlànà méjèèjì fi jọra ni pé amoxicillin lásán ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò fún ọ̀pọ̀ jù lọ ọmọ. Kì í ṣe èyí tó wọ́n jù lórí káńtà.

Ọ̀pọ̀ òbí ní agbègbè Lẹ́kkí kò gba ìyẹn gbọ́. Augmentin ni wọ́n mọ̀, òun ni wọ́n ń béèrè, oníkẹ́míìsì náà kò sì ní í jiyàn pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ ra èyí tó wọ́n. Amoxicillin kan náà ló wà nínú Augmentin, pẹ̀lú èròjà kejì tó ń ràn án lọ́wọ́ bí kòkòrò bá ti gbó sí àkọ́kọ́. Ó ní ìgbà tó wúlò, irú bí ìgbà tí amoxicillin ò bá ṣiṣẹ́ tàbí tí ọmọ náà ti lo amoxicillin láìpẹ́ sígbà yẹn. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó etí ríro àkọ́kọ́ mọ́. Ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2023, GlaxoSmithKline Consumer Nigeria, tó ń ta Augmentin ní orílẹ̀-èdè yìí, kéde pé òun máa kógbá wọlé lẹ́yìn ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Láàárín oṣù díẹ̀, oògùn náà di ohun tí wọ́n ń wá kiri, owó rẹ̀ sì fò sókè ní ìlọ́po-ìlọ́po. Kì í ṣe kíkúrò ilé iṣẹ́ yẹn nìkan ló fà á. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà ni Báǹkì Àpapọ̀, CBN, jọ̀wọ́ náírà sọ́jà. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí 460 náírà tẹ́lẹ̀ ti kọjá 1,500 náírà kí oṣù Kejì, ọdún 2024 tó parí. Oògùn tí wọ́n kó wá láti òkè òkun kò lè dúró sójú kan.

Amoxicillin ní tirẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ oògùn ilẹ̀ wa náà ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ kò fi fò tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè òkun ni èròjà tí wọ́n fi ń ṣe é ti ń wá. Ní oṣù Kẹfà, ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí àṣẹ tó mú owó ibodè kúrò lórí irú àwọn èròjà àti ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí onílé tó ń lo jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ fi kún ìṣirò: bí wọ́n bá ti po Augmentin olómi ti ọmọdé, inú fíríìjì ló gbọ́dọ̀ wà, ọjọ́ 7 ló sì lè lò. Ilé tí kò bá níná mànàmáná, oògùn olówó ńlá yẹn lè bàjẹ́ kí ọmọ tó lò ó dé ìdajì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń yíwọ́ gan-an ni ọjọ́ tí etí bá bẹ̀rẹ̀ sí í da ọyún. Ọyún tó ti kún ẹ̀yìn ìlù etí á lù ú jáde, bó bá sì ti jáde, ìrora á dáwọ́ dúró. Ọmọ tó ti ń ké láti àná á sùn. Gbogbo ilé á dúpẹ́ pé oògùn ti ṣiṣẹ́. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ, ihò náà á padà dí fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lára àwọn mìíràn, kò ní í dí. Etí á máa tutù, á máa rùn díẹ̀díẹ̀, ìyá á máa fi òwú dí i kí ọmọ tó lọ síléèwé. Bí ọyún bá ti ń dà fún ọjọ́ 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àìsàn náà ti kúrò ní ti ojú ẹsẹ̀, ó ti di ọlọ́jọ́ pípẹ́. Nínú ìwé kan tí WHO gbé jáde lọ́dún 2004, wọ́n ṣírò pé àwọn tí etí wọn ń da ọyún báyìí lágbàáyé tó mílíọ̀nù 65 sí mílíọ̀nù 330, àti pé 60 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò gbọ́ràn dáadáa mọ́.

Ìtọ́jú ìpele yìí kì í ṣe oògùn mímu olówó ńlá, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń sọ owó nù. Gbígbẹ etí ni WHO ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n á ká aṣọ funfun tó mọ́, tó ń fa omi, tàbí tíṣù tó nípọn, bí òwú fìtílà, wọ́n á rọra fi sétí ọmọ, bó bá tutù wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi òmíràn sí i, títí etí á fi gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á kán oògùn tí dókítà bá kọ sí i, èyí tí wọ́n ń lò jù lágbàáyé ni ciprofloxacin olómi ti etí, fún ọ̀sẹ̀ 2. Kì í ṣe gbogbo oògùn tí wọ́n kọ etí sí lára ló ṣeé kán sí etí tí ìlù rẹ̀ ti lu. Àwọn kan wà, irú bí gentamicin, tó lè ba ìgbọ́ràn fúnra rẹ̀ jẹ́ bí wọ́n bá lò ó láìsí ìtọ́sọ́nà. Torí èyí ni kò fi yẹ kí wọ́n ra oògùn etí láìjẹ́ pé ẹnì kan ti fi iná wo inú etí ọmọ náà. Òwú tí wọ́n fi ń dí etí kí olùkọ́ má baà gbóòórùn rẹ̀ kò dára, inú tútù ni kòkòrò ti ń gbèrú. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí etí rẹ̀ ń dà kò gbọ́dọ̀ wọ odò ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà nínú àwọn ẹ́sítéètì ńlá tó yí ibẹ̀ ká.

Bí ẹ̀yìn etí bá wú, tó sì ń dun ọmọ, tàbí tó ń bì, tí orí ń fọ́ ọ, tó ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tí ẹnu rẹ̀ wọ́, kò sí ìṣirò owó níbẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kó dé ọsibítù, nítorí egungun ẹ̀yìn etí kò jìnnà sí ọpọlọ.

Ọmọ tí àìsàn náà kò pa, tí kò sì dì sílẹ̀, ló ń ná òbí lówó jù, òbí kò sì ní í mọ̀ pé etí ló ń náwó. Kódà nígbà tí ọyún kò bá jáde, omi lè wà lẹ́yìn ìlù etí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ìrora ti lọ, lára ọ̀pọ̀ ọmọ á gbẹ kí oṣù 3 tó pé. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọ̀rọ̀ á máa dún sí ọmọ bí ẹni pé wọ́n ń sọ ọ́ láti yàrá kejì. Ní kíláàsì, olùkọ́ á ní kì í fetí sílẹ̀. Nílé, bàbá á ní olóríkunkun ni. Òbí tó ti san owó iléèwé aládàáni á tún wá olùkọ́ tó ń wá kọ́ ọmọ nílé nírọ̀lẹ́, olùkọ́ náà á tún máa bá etí tí kò gbọ́ràn sọ̀rọ̀. Bó bá di pé wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ láti tún ìlù etí ṣe, tàbí pé wọ́n á ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, owó ọ̀rá dúdú àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní yẹn kò ní í tó fi wé e. Nínú ìwé tí WHO kọ lórí ìgbọ́ràn lọ́dún 2021, wọ́n ṣírò pé àìgbọ́ràn tí wọn kò tọ́jú ń ná ayé ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 980 dọ́là lọ́dọọdún, àti pé dọ́là kan tí ìjọba bá fi sórí ìtọ́jú etí ń mú nǹkan bíi dọ́là 16 padà wá. Ìwé kan náà sọ pé 60 nínú ọgọ́rùn-ún àìgbọ́ràn ọmọdé ló ṣeé dènà. Kí olùkọ́ gbé àga ọmọ bẹ́ẹ̀ sí iwájú kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò ná òbí lówó, tó sì ń dín àìsàn yìí kù. Ọyàn nìkan fún oṣù 6 àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀kan. Kí wọ́n má fi fídà sọ́mọ lẹ́nu nígbà tó bá dùbúlẹ̀ gbalaja jẹ́ òmíràn, nítorí wàrà lè gba ọ̀nà tóóró yẹn. Èéfín sìgá, ti sítóòfù àti ti jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sẹ́yìn fèrèsé náà ń bá imú àti etí ọmọ jà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń pè ní PCV, tó wọ inú ètò àjẹsára Nàìjíríà láti oṣù Kejìlá, ọdún 2014, ń gbógun ti ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò tó ń fa òtútù àyà, yírùnyírùn àti ọyún etí. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìwòsàn ìjọba, ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14 tí wọ́n bí ọmọ. Òbí tí kò bá dá a lójú, inú káàdì àjẹsára ni kó wò.

Ti owó ìtọ́jú ló kù. Láti oṣù Karùn-ún, ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ti fọwọ́ sí òfin NHIA, ìdójútòfò ìlera ti di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ilé ni kò tíì ní in. Ìpínlẹ̀ Èkó ní tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìlera Èkó. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Kejìlá, ọdún 2018, ẹgbẹ̀rún 40 náírà lọ́dún ni ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà ń san, èyí tí kò tó ẹgbẹ̀rún 7 náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Keje, ọdún 2024, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú tún fọwọ́ sí àṣẹ tó sọ ọ́ di dandan ní ìpínlẹ̀ náà. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ béèrè iye tí wọ́n ń gbà lásìkò yìí. Kó sì tún béèrè ohun méjì kó tó sanwó: ilé ìwòsàn wo ló sún mọ́ Abraham Adésànyà jù nínú àwọn tó wà lórí ìwé wọn, àti bóyá wọ́n á gba owó dókítà etí, imú àti ọ̀fun mọ́ ọn bí wọ́n bá ní kí ọmọ lọ sí LASUTH ní Ìkejà.